Kànga Ọláṣẹ̀hìndé

Ọláṣẹ̀hìndé ará Kémta kì í jalè, kì í sì í mutí. Àléébù kan ṣoṣo ló ní: kò gbà rí láyé rẹ̀ pé òun ṣe àṣìṣe. Iṣẹ́ ọ́fíìsì ló ń ṣe l'Ékòó, ṣùgbọ́n bó bá di Sátidé, á mú wáyà méjì tó tẹ̀ lọ́rùn dání, á máa fi wá ibi tí omi wà nínú ilẹ̀ káàkiri àdúgbò. Ibi tí wáyà bá ti forí kora, ó ní omi wà níbẹ̀ nìyẹn. Ó ní sáyẹ́ǹsì ni, kì í ṣe àwàdà.

Bí wọ́n bá gbẹ́ ilẹ̀ tí omi yọ, á ní, "Ṣé mo sọ?" Bí omi kò bá yọ, á ní wọn kò tíì gbẹ́ ẹ jìn tó. Bí wọ́n bá tún gbẹ́ ẹ tí kò sí nǹkan kan, á ní ariwo àwọn tó ń gbẹ́ ẹ ló lé omi lọ. Ẹ bá mi gbọ́ o, irú sáyẹ́ǹsì wo nìyẹn?

Nígbà ẹ̀ẹ̀rùn tó kọjá, ó kan Àlàájà Bùsírátù, tó ń fọ aṣọ fún àwọn èèyàn. Omi tí tańkà ń gbé wá ti wọ́n ju owó iṣẹ́ rẹ̀ lọ, àwọn oníbàárà sì ti ń kó aṣọ wọn lọ síbòmíràn. Bí kò bá rí omi, ṣọ́ọ̀bù náà máa kógbá sílé. Wáyà Ọláṣẹ̀hìndé forí kora lẹ́yìnkùlé rẹ̀, Jùbrílù tó ń gbẹ́ kànga sì bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́.

"Àlàájà, àpáta nìkan ló wà níbí o," ni Jùbrílù ké láti ìsàlẹ̀.

"Máa gbẹ́ ẹ lọ jàre!" ni Ọláṣẹ̀hìndé dáhùn. "Ẹni tí yóò jẹ oyin inú àpáta kì í wo ẹnu àáké."

Jùbrílù gbẹ́ ẹ títí ọwọ́ rẹ̀ fi bó. Eruku ló ń rí. Ó jáde, ó ní òun kò ṣe mọ́.

Àlàájà wá béèrè pé, "Bọ̀ọ̀dá, ẹ jọ̀ọ́, kí la máa rí nínú kòtò yìí tí ẹ máa fi gbà pé kò sómi níbẹ̀?"

"Kò sí ohun tó lè mú mi gbà bẹ́ẹ̀!" ni ó fi ìgbéraga fèsì. "Omi wà níbẹ̀. Ẹ sọ̀ mí kalẹ̀, kí n fọwọ́ ara mi kàn án."

Bí irọ́ bá lọ fún ogún ọdún, ọjọ́ kan ṣoṣo ni òtítọ́ máa bá a. Wọ́n fi okùn sọ̀ ọ́ kalẹ̀ tòun ti wáyà àti aṣọ funfun rẹ̀. Ó tú okùn kúrò lára, ó họ ilẹ̀, ó fetí sí i, ó tiẹ̀ fi ahọ́n kan ògiri. Nígbà tó rẹ̀ ẹ́, ó pariwo pé, "Ẹ fà mí sókè!"

Àlàájà ti fa okùn sókè, ó ká a, ó jókòó lé e. "Ẹ fara balẹ̀, Bọ̀ọ̀dá. Ṣebí omi wà níbẹ̀? Ẹ dúró dè é, òun fúnra rẹ̀ á gbé yín léfòó wá sókè."

Gbogbo àdúgbò bú sẹ́rìn-ín. Ọláṣẹ̀hìndé ní irú omi yẹn máa ń pẹ́ kó tó dé. "A ò kánjú," ni Àlàájà wí, ó sì lọ kírun Àsárì. Kó tó padà dé, ohùn ti ń dún nínú kòtò: "Kò sómi! Mo ṣàṣìṣe! Kò sómi níbí rárá!"

Wọ́n fà á jáde. Àgbà tó jẹ àjẹìwẹ̀yìn ni yóò ru igbá rẹ̀ délé: òun ló fi ṣọ́bìrì dí kòtò náà, òun náà ló sì ń fi bárò gbé omi wá fún Àlàájà ní gbogbo Sátidé títí òjò fi dé. Wáyà méjèèjì ńkọ́? Àlàájà ti tẹ̀ wọ́n di háńgà.

Ẹ̀kọ́ tí mo fẹ́ kí ẹ mú níbẹ̀ nìyí. Ẹni tó bá ní òun mọ nǹkan, ẹ ní kó kọ́kọ́ sọ ohun tí a máa rí bó bá jẹ́ pé irọ́ ni. Bí kò bá rí i sọ, ẹ má gbé ṣọ́bìrì. Ìmọ̀ tòótọ́ kì í sá fún ìdánwò. Kò sì sí ìtìjú nínú kéèyàn sọ pé òun ṣàṣìṣe, àfi kó má ti inú kòtò sọ ọ́.