Òkúta Wẹ́wẹ́ Lójú Yìnyín

Ìyá àgbà gbé kẹ̀kẹ́ yìnyín rẹ̀, àga kan tí wọ́n gbé ka irin gígùn méjì, dábùú ọ̀nà, ló bá jókòó lé e. Ọkọ̀ akóòkúta fọn fèrè títí, kò mira.

Awakọ̀ yọrí. "Màmá, ẹ jọ̀ọ́, ẹ kúrò lọ́nà. Wọ́n ní kí n da òkúta wẹ́wẹ́ sójú yìnyín yìí, káwọn àgbà má baà yọ̀ ṣubú."

"Àgbà wo? Tóo bá da òkúta síbẹ̀, kẹ̀kẹ́ mi ò ní yọ̀ mọ́. Ṣé kí n máa gbé e rù ni?"

"Ẹ jókòó sílé nídìí iná. Òtútù yìí ti pọ̀ jù."

"Inú òtútù ni wọ́n bí mi sí. Tóo bá láyà, gun orí mi kọjá!"

Awakọ̀ mí kanlẹ̀. "Ẹ má bínú sí mi. Aládùúgbò yín kan ló pè wá. Ó ní àyà òun máa ń já tẹ́ ẹ bá ń sáré bọ̀."

"Kí lorúkọ ẹ̀?"

"Taisto, bàbá onílé pupa ìsàlẹ̀ yẹn."

Ìyá àgbà bú sẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú rẹ̀. "Taisto! Àná yìí ni mo tún fi òun àti kẹ̀kẹ́ yìnyín tiẹ̀ sẹ́yìn lórí gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́ yìí, lójú gbogbo àdúgbò. Kò borí mi rí!"

Awakọ̀ wo ọ̀nà náà bó ṣe ń dán bíi dígí. Ó pa ọkọ̀, ó sọ̀kalẹ̀. "Ṣé ó ń sáré tó bẹ́ẹ̀ ni?"

"Jókòó sórí àga." Ìyá àgbà bọ́ sẹ́yìn kẹ̀kẹ́, ó fẹsẹ̀ ti ilẹ̀.

Taisto ti dúró lójú fèrèsé, ó ń retí òkúta. Kẹ̀kẹ́ fò kọjá bí ọfà. Ìyá àgbà ò tilẹ̀ wo ibẹ̀. Awakọ̀ tí Taisto ránṣẹ́ pè ló juwọ́ sí i.