Ọkọ Wa ní Ọjà Ansan

Oṣù mẹ́jọ ni Pabitra, ọmọ Nepal, ti lò ní Ansan, ní Korea, kí ẹgbẹ́ ọlọ́jà tó ní kó ya àwòrán ńlá kan sí ẹnu ọ̀nà ọjà: onílé àti àlejò, bí wọ́n ṣe ń gbé pọ̀. Bí àwọn obìnrin ọjà bá gbà á, yóò ní yàrá tí yóò ti máa yàwòrán. Bí wọ́n bá kọ̀ ọ́, ilé iṣẹ́ ike ló ń padà sí.

Ọ̀dọ̀ Mal-sun tó ń ta ẹja gbígbẹ ló ti bẹ̀rẹ̀.

"Ẹ̀gbọ́n, ta ni kí n yà sẹ́gbẹ̀ẹ́ yín?"

"Ọkọ wa ni. Má ya imú rẹ̀ tóbi o. Bó ṣe wà yẹn, ìhanrun rẹ̀ ò jẹ́ ká sùn."

Ní ìsọ̀ kejì, Ok-bun ń bó aáyù. "Ọkọ wa kẹ̀? Jẹ́jẹ́ ni. Kì í hanrun rárá."

Lọ́dọ̀ tiyín ni kì í ti hanrun, ni Pabitra fẹ́ wí. Ó kọjá sí ìsọ̀ kẹta.

Jeong-ja tó ń ta kimchi, ẹ̀fọ́ kíkan aláta, rọ̀ ọ́ pé, "Ya ọkọ wa kó sanra díẹ̀. Mo ń gbìyànjú, kò gbà."

Pabitra ò bi wọ́n léèrè ẹni tó jẹ́. Ọ̀rọ̀ inú ilé àgbà ni. Ojú ló fi wá a. Láràárọ̀, Mal-sun a gbé ọbẹ̀ lọ fún Pyo tó ń gé kọ́kọ́rọ́, Ok-bun a gbé ìrẹsì, Jeong-ja a bu kimchi. Pyo a jẹun tán, a mú abẹ́rẹ́, a máa rán bọ́tìnnì ara rẹ̀.

Ìyàwó mẹ́ta, kò sẹ́ni tí yóò rán bọ́tìnnì!

"Bọ̀dá Pyo, ṣé ìjà kì í pọ̀ nílé?"

"Nílé wa? Ìjà kẹ̀!" Pyo mí kanlẹ̀. "O ò lè gbọ́ kọ́ọ́ níbẹ̀."

Ọjọ́ pé, wọ́n ṣí aṣọ lójú àwòrán. Pyo jókòó láàárín bí ọba. Mal-sun ń bu ọbẹ̀ fún un, Ok-bun ń fẹ́ abẹ̀bẹ̀ sí i, Jeong-ja ń rán bọ́tìnnì.

Àwọn ọlọ́jà sún mọ́ àwòrán.

"Pabitra," Mal-sun ní, "kí lèyí?"

"Ọkọ yín ni, ẹ̀gbọ́n. Ẹ̀yin mẹ́tẹ̀ẹ̀ta."

Jeong-ja jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀, ó fi ìborùn bojú, èjìká rẹ̀ ń gbọ̀n. Pabitra rántí ilé iṣẹ́ ike. Ó mú búrọ́ọ̀ṣì.

"Ẹ má bínú. Mo lè pa á rẹ́."

"Má fọwọ́ kàn án!" Pyo sáré dúró síwájú àwòrán, ó na ọwọ́ méjèèjì.

"Ẹ gbé e kọ́," ni Jeong-ja wí nígbà tí ẹ̀rín jẹ́ kó sọ̀rọ̀, "lédè wa, ọmọ mi, 'ọkọ wa' ni kálukú ń pe ọkọ tirẹ̀, àwa mẹ́ta ní ọkọ mẹ́ta nílé, ṣùgbọ́n Pyo tí à ń bọ́ yìí, ẹ jẹ́ kó níyàwó lára ògiri, àpọ́n ni látọjọ́ tí wọ́n ti bí i."