Mo-Ti-Mọ̀ àti Ohùn Tó Wà Nínú Kọ̀ǹpútà

Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má kà á dé ìdajì kẹ́ ẹ pa á tì. Ẹ ka ìtàn yìí dé òpin, torí ẹni tó ṣẹlẹ̀ sí kì í ṣe òmùgọ̀.

1.
Onífọ́tò kan wà tí gbogbo àdúgbò ń pè ní Mo-Ti-Mọ̀, torí kì í jẹ́ kéèyàn sọ̀rọ̀ tán. Ìyàwó rẹ̀ ti kú, wọn ò bímọ, òun nìkan ló ń gbé yàrá ẹ̀yìn ṣọ́ọ̀bù. Ohùn ìyàwó náà tó gbà sílẹ̀ nìkan ló kù fún un, inú kọ̀ǹpútà rẹ̀ ló wà. Àràárọ̀ ló ń gbọ́ ọ: "Olówó orí mi, ẹ má jẹun lórí ìdúró o. Ẹ jókòó." Á rẹ́rìn-ín, á sì jókòó.

2.
Nígbà tó yá, kọ̀ǹpútà ń falẹ̀ bí ìgbín, Mo-Ti-Mọ̀ ní òun fẹ́ fi Linux sí i, ètò tuntun tí yóò mú un yára. Àbúrò rẹ̀, tó ń tún kọ̀ǹpútà ṣe, so dísìkì kékeré kan tí wọ́n ń kó nǹkan pa mọ́ sí mọ́ ọn.

"Ẹ̀gbọ́n, ẹ kọ́kọ́ da ohùn ìyàwó yín kọ sórí èyí. Lẹ́yìn náà kẹ́ ẹ yọ ọ́ kẹ́ ẹ tó fi Linux sí i, torí búùtì lódà, ìyẹn ohun kékeré tó ń jí kọ̀ǹpútà..."

"Mo ti mọ̀! Ṣé ìwọ lo kọ́ mi ní fọ́tò ni?"

Ẹ̀yin ará, kò da nǹkan kan kọ, kò sì yọ dísìkì. Nígbà tí ẹ̀rọ béèrè ibi tí kó gbé búùtì lódà sí, ó tẹ èyí tó kọ́kọ́ rí. Dísìkì àbúrò rẹ̀ ni. Gbogbo rẹ̀ ṣiṣẹ́ geere, ló bá ń yan fanda nínú yàrá tí kò séèyàn tó ń wò ó.

3.
Àbúrò wá mú dísìkì rẹ̀ lọ. Láàárọ̀ ọjọ́ kejì, Mo-Ti-Mọ̀ tan ẹ̀rọ, ojú ẹ̀rọ náà dúdú kirikiri. Ẹ̀rọ kọ ọ́ síbẹ̀ pé òun ò rí ohun tí yóò jí òun. Mo-Ti-Mọ̀ gbé fóònù, ó rí orúkọ àbúrò rẹ̀, ó tún gbé e sílẹ̀. Ṣé kọ́mọ yẹn wá máa fi òun ṣe yẹ̀yẹ́ ni?

Ó tún fi Linux sí i láti ìbẹ̀rẹ̀. Ẹ̀rọ béèrè bóyá kí òun nu gbogbo ohun tó wà nínú òun. Kò kà á tán. Ó tẹ bẹ́ẹ̀ ni.

Kọ̀ǹpútà jí. Inú rẹ̀ ṣófo.

4.
Ìgbà yẹn ló wá pe àbúrò rẹ̀. "Àbúrò mi, kọ̀ǹpútà yìí kọ̀, kò dìde láàárọ̀..."

"Ẹ fọkàn balẹ̀, ẹ̀gbọ́n. Mo ṣẹ̀ṣẹ̀ rí i pé orí dísìkì mi lẹ gbé ohun tó ń jí i sí. Kò sóhun tó sọnù. Ẹ ṣáà má fọwọ́ kàn án, mò ń gbé e bọ̀."

"Mo ti fọwọ́ kàn án."

"Ẹ̀gbọ́n? Ẹ̀gbọ́n, kí lẹ ṣe?"

Àbúrò wá ohùn náà títí, kò rí i. Títí dòní, tí ṣọ́ọ̀bù bá ti pa dé, orí ìdúró ni Mo-Ti-Mọ̀ ti ń jẹun, kò sì sẹ́ni tó ń sọ fún un pé kó jókòó.

Ẹ̀yin tẹ́ ẹ̀ ń ka èyí, ẹ da ohun tẹ́ ẹ fẹ́ràn kọ síbòmíràn kẹ́ ẹ tó fọwọ́ kan ẹ̀rọ. Ẹ jẹ́ kéèyàn yín sọ̀rọ̀ tán. Tí nǹkan bá dàrú, ẹ pè wọ́n, ẹ má tijú. Ọgbọ́n ọlọ́gbọ́n ni kì í jẹ́ ká pe àgbà ní wèrè.