Kọfí Tí Gaudenz Ń Wá Kiri Lórí Òkè

Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má fi ìtàn yìí sílẹ̀ láàárín, ẹ kà á kan ìlà tó gbẹ̀yìn. Tí ẹ bá ní nǹkan gbígbóná lọ́wọ́, ẹ máa mu ún lọ.

1.

Ọdún mọ́kànlélọ́gbọ̀n ni Gaudenz fi wa bọ́ọ̀sì lórí òkè wa ní Swítsálándì, bọ́ọ̀sì aláwọ̀ ìyeyè tó ń gbé lẹ́tà, tó ń gbé èèyàn. Tí aago bá ti lù, ó ti lọ nìyẹn. Ó fi ìyàwó pásítọ̀ sílẹ̀ sínú yìnyín rí, nítorí ìṣẹ́jú kan péré.

Nígbà tó fẹ̀yìn tì, ìyàngàn kan ṣoṣo ló kù ún kù: kọfí. Kọfí tí kò bá dúdú, tí kò ní ìfófò lórí, omi abọ́, ìyẹn omi tí wọ́n fi fọ abọ́, ló ń pè é. Níbi ìsìnkú ìyàwó Linard, ẹ̀gbọ́n rẹ̀, ó sọ ọ́ lójú gbogbo èèyàn: "Ẹ̀gbọ́n mi, omi abọ́ lẹ fún wa mu yìí." Fún ọdún mẹ́sàn-án, wọn ò bára wọn sọ̀rọ̀ mọ́.

Lẹ́tà Linard wá dé. "Ọmọbìnrin mi ń bọ̀ wá mú mi lọ sí Ajẹntínà. Ọjọ́ Ajé la ó wọ bọ́ọ̀sì aago mẹ́ta ọ̀sán. Mo ti pé ọdún mọ́kànlélọ́gọ́rin, mi ò ní padà wá. Wá, ká jọ mu ife kọfí kan kí n tó ti ilẹ̀kùn."

Gaudenz kà á lẹ́ẹ̀mẹta, ó nu ojú. Ó wá ní, "Kọfí ẹ̀gbọ́n mi kẹ̀? Màá kọ́kọ́ mu gidi lọ́nà."

2.

Nígbà tí ọjọ́ Ajé pé, ó wọ bọ́ọ̀sì àárọ̀, ó sọ̀kalẹ̀ ní Plaun, abúlé kan lọ́nà ilé Linard, níbi tí Menga ti ń ta kọfí. Ilẹ̀kùn wà ní títì. Menga yọjú lójú fèrèsé òkè.

"Bàbá, ọjọ́ Ajé lònìí. Ọjọ́ ìsinmi mi ni."

"Mo mọ̀. Mo ní bóyá ìwọ ti gbàgbé."

"Tíì wà lórí iná. Ẹ gòkè wá mu."

"Tíì? Ta ló sọ fún ẹ pé ara mi ò yá?"

Ó wọ bọ́ọ̀sì tó tẹ̀ lé e. Ursina ló ń wà á, ọmọ tí Gaudenz fúnra rẹ̀ kọ́ níṣẹ́. Nígbà tí wọ́n dé Cresta, abúlé tó tẹ̀ lé e, Gaudenz dìde.

"Ọ̀gá mi, ẹ jókòó," ni Ursina wí. "Ìṣẹ́jú méje péré la ó fi já lẹ́tà. Bàbá Linard ń retí yín."

"Ìṣẹ́jú méje ti tó mi."

Barla ló ni ilé kọfí tó wà níbẹ̀. Ó gbé ife àkọ́kọ́ wá. Gaudenz ní ó rí bí omi òjò. Ó gbé èkejì wá. Ìyẹn ò ní ìfófò.

"Bàbá Gaudenz, ṣé ẹ fẹ́ mu kọfí yìí ni, àbí ẹ fẹ́ fẹ́ ẹ níyàwó?"

Fèrè bọ́ọ̀sì dún níta. Ó tún dún.

"Ẹ ò gbọ́ ni?"

"Èmi ni mo kọ́ ọmọ yẹn. Á dúró dè mí."

Ife kẹta dé, ó dúdú, ó ní ìfófò lórí, ó dára gan-an. Bó ṣe gbé e dé ẹnu, ó rí ìdí bọ́ọ̀sì tó ń yí kọ́nà lọ.

Òmíràn ò sí títí di aago méjì ààbọ̀. Linard ò sì ní tẹlifóònù.

3.

Ursina náà ló tún gbé bọ́ọ̀sì aago méjì ààbọ̀ wá.

"O fi mí sílẹ̀."

"Aago ló fi yín sílẹ̀, ọ̀gá. Ẹ̀yin lẹ ní bọ́ọ̀sì kò gbọdọ̀ dúró de ẹnikẹ́ni, ì báà ṣe ìyá mi."

Gaudenz wọlé, ó jókòó. "Mo kọ́ ẹ dáadáa."

"Ẹ kọ́ mi dáadáa."

Nígbà tí ó kù díẹ̀ kí wọ́n dé abúlé Linard, wọ́n kan kọ́nà kan tó há: àpáta lápá kan, ọ̀gbun lápá kejì. Bọ́ọ̀sì tó ń sọ̀kalẹ̀ bọ̀ rọra ń fara gba ẹ̀gbẹ́ wọn kọjá. Linard jókòó sínú rẹ̀, ó dé fìlà, ọmọ rẹ̀ wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Gíláàsì fèrèsé méjì péré ló wà láàárín ọmọ ìyá méjì.

Gaudenz la ẹnu láti ní kí wọ́n dúró. Ṣùgbọ́n ẹnikẹ́ni kì í dúró ní kọ́nà yẹn. Òun gan-an ló kọ òfin náà, tó lẹ̀ ẹ́ mọ́ iwájú ìjókòó awakọ̀. Ó pa ẹnu dé.

Linard ò fajú ro. Ó nawọ́ sẹ́yìn, sí ọ̀nà ilé, lẹ́ẹ̀mejì. Ó fi ọwọ́ ṣe bí ẹni ń mu nǹkan. Bọ́ọ̀sì rẹ̀ lọ.

4.

Ilé wà ní títì. Lórí bẹ́ǹṣì iwájú ilé, fúláàsì kan wà níbẹ̀ pẹ̀lú ife méjì. Wọ́n ti mu ọ̀kan. Wọ́n da ojú ìkejì dé.

Gaudenz bu kọfí náà. Ó ṣàn bí omi, kò ní ìfófò kankan. Omi abọ́ ni, mi ò ní purọ́ fún yín. Ṣùgbọ́n ó ṣì gbóná. Ó mu ún, ó tún bu, títí fúláàsì fi gbẹ.

Linard kú sí Ajẹntínà kí ọdún méjì tó pé.

Lónìí, tí Barla bá gbé ife èyíkéyìí síwájú Gaudenz, tó bá bi í pé báwo ló ṣe rí, ohun kan náà ló máa ń sọ: "Ó gbóná."

Ẹ̀yin tí ẹ ń ka èyí, tí ẹni yín bá pè yín wá mu nǹkan, ẹ má wo inú ife. Ẹni tó ń bu ún ni kí ẹ wò, kí ẹ sì tètè lọ. Gbogbo ọ̀tọ̀kùlú ìlú pé, wọn ò rí ẹbọ àbámọ̀ ṣe.