Ìdákọ̀ró Lórí Ibojì

Ìyá Tinúọlá háyà ilé ọtí tó ń léfòó lórí ọ̀sà láti fi ṣèrántí ọkọ rẹ̀. Ó ní kí wọ́n gbé e dúró sókè itẹ́ òkú ìjọ wọn tí omi ti bò.

“Màmá, orí ibojì Bàbá ni ìdákọ̀ró á bà lé o,” ni Kúnmi ọlọ́tí wí.

“Jù ú sẹ́gbẹ̀ẹ́.”

“Ẹrẹ̀ ni ẹ̀gbẹ́ ibẹ̀, mà. Sìmẹ́ńtì ibojì nìkan ló lè dì wá mú. Ibojì pásítọ̀ ló di àwọn onígbèéyàwó àná mú.”

Ìyá Tinúọlá wo àwọn ọmọ rẹ̀ tó ń to àga.

“Jù ú.”

Irin náà rì. Nǹkan fọ́ nísàlẹ̀, ilé ọtí sì dúró jẹ́ẹ́.

“Ẹ pẹ̀lẹ́, Bàbá Tinúọlá,” ó ní, “àwa la dé.”