Ẹja Ìyá Tíṣà

Ìyá tíṣà ò tíì bọ́ aṣọ ṣọ́ọ̀ṣì tó fi gbé fóònù sí iwájú àpótí gíláàsì tí ẹja wà nínú rẹ̀. Ọwọ́ rẹ̀ kejì wà lẹ́yìn àpótí náà.

"Màmá, ẹja dà?" Favour, ọmọ ọmọ rẹ̀, ń pariwo láti Kánádà.

"Òun ló ń bọ̀ yẹn, ọkọ mi."

Ẹja pupa náà rọra lúwẹ̀ẹ́ kọjá. Ọmọ náà pàtẹ́wọ́.

"Bánkọ́lé ọmọ mi, orúnkún mi yìí ò jẹ́ kí n lè rìn dáadáa mọ́..."

"Ẹ pẹ̀lẹ́, Mọ́mì. Ẹ sún fóònù mọ́ ẹja díẹ̀ sí i, Favour ò rí i dáadáa."

Ó sún un díẹ̀, kò sún un jù.

Bánkọ́lé rẹ́rìn-ín. "Nígbà tí mo ra ẹja yìí fún yín lẹ́yìn ìsìnkú Dádì, ṣebí ẹ ní kí lẹ fẹ́ fi ṣe? Mo sọ fún yín pé kò ní í jẹ́ kẹ́ ẹ dá wà."

"Òótọ́ ni, ọmọ mi."

"Ó dìgbà o. Lọ́sẹ̀ tó ń bọ̀, a óò tún wá wo ẹja."

Fóònù ṣókùnkùn. Ìyá tíṣà tú òwú dúdú kúrò ní ìka rẹ̀, ẹja rọ́bà tó fi rọ́pò èyí tó kú sì rì lọ sí ìsàlẹ̀ omi.