Abdulkabir Tó Fi Orúkọ Ara Ẹ̀ Sórí Nǹkan Alhaja Oníbúrẹ́dì

Ẹ̀yin èèyàn mi, ẹ jọ̀ọ́, ẹ ka ìtàn yìí délẹ̀ pátápátá kẹ́ẹ tó fi ránṣẹ́ sí gúrúùpù yín. Ó rẹ èèyàn láti sọ, ṣùgbọ́n ẹ kà á!

1.
Abdulkabir ń ṣe wẹ́bùsáìtì fún èèyàn ní Computer Village, Ìkẹjà. Ọwọ́ ẹ̀ dá ṣáṣá! Bí télọ̀ ṣe ń wọn aṣọ sára oníbàárà ló ń ṣe tiẹ̀. Ṣùgbọ́n ó níwà kan: àdírẹ́ẹ̀sì tí èèyàn ń tẹ̀ kí wẹ́bùsáìtì tó ṣí, orúkọ ara ẹ̀ àti íméèlì ara ẹ̀ ló fi ń gbà á fún kọ́sítọ́mà. Kì í fún wọn ní pásíwọ́ọ̀dù.

Oyèníkẹ́ ìyàwó ẹ̀ ní, "Bàbá Fatimah, ẹ fún àwọn èèyàn ní nǹkan wọn."

Ó bú sẹ́rìn-ín. "Kí wọ́n lè sá lọ? Jẹ́ n so wọ́n mọ́lẹ̀ bí àgbò iléyá!"

2.
Alhaja Sàídátù ń ṣe búrẹ́dì l'Ágége. Orí wẹ́bùsáìtì ẹ̀ ni ilé kéú ńlá kan ti ń bèèrè búrẹ́dì àwọn ọmọ láràárọ̀. Òun ni ọjà Alhaja dúró lé.

Ó lọ bá Abdulkabir: "Ọmọ mi, mo ti ń dàgbà. Hassanat ọmọ mi ló fẹ́ máa bójú tó o. Fún wa ní pásíwọ́ọ̀dù ẹ̀."

"Alhaja, ẹ jókòó ti ààrò yín jàre. Orúkọ tèmi ló wà lórí ẹ̀."

Alhaja mí kanlẹ̀. "Ó dáa. Mo ṣáà ti fi ẹ́ ṣe ọmọ."

3.
Ẹ wo ayé o! Wọ́n já fóònù Abdulkabir gbà nínú kẹ̀kẹ́. Láìsí nọ́ńbà inú fóònù yẹn, tí wọ́n ń fi kóòdù ránṣẹ́ sí, íméèlì ẹ̀ ò lè ṣí. Ó sáré lọ gba símù padà ní ọ́fíìsì àwọn tó ni nẹ́tíwọ́ọ̀kì.

Ọmọbìnrin tó wà ní káńtà ní, "Ẹ̀gbọ́n, orúkọ yín kọ́ ló wà lórí nọ́ńbà yìí."

"Èmi ni mò ń lò ó!"

"Mo gbọ́. Ta ni Ẹkúndayọ̀?"

Símù ẹ̀bá títì ni, èyí tí wọ́n ti fi orúkọ ẹlòmíì rẹ́jísítà. Kò mọ Ẹkúndayọ̀ kankan láyé. Bí wọn ò ṣe fún un ní símù náà nìyẹn.

4.
Ọdọọdún la máa ń sanwó tún àdírẹ́ẹ̀sì gbà. Àsìkò tó, Abdulkabir ò lè wọnú íméèlì ẹ̀ láti san ti Alhaja. Ojú ń tì í, kò sọ fún Alhaja. Àwọn oní-tẹ́tẹ́ bá sanwó gbé àdírẹ́ẹ̀sì náà.

Láàárọ̀ ọjọ́ kan, Ààfáà ilé kéú fẹ́ bèèrè búrẹ́dì. Tẹ́tẹ́ ló rí! Ó pe Alhaja: "Ṣé tẹ́tẹ́ lẹ fi ń po ìyẹ̀fun ni?" Bí ilé kéú ṣe jáwọ́ nínú búrẹ́dì Alhaja nìyẹn. Ẹ̀bẹ̀ ò wọ̀ ọ́.

Alhaja wá sí ṣọ́ọ̀bù Abdulkabir, ó jókòó. Kò tiẹ̀ pariwo.

"Abdulkabir, mi ò wá jà. Ó ti rẹ̀ mí. Ààrò mi ti tutù. Ṣáà sọ fún mi, kí ni mo fi ṣe ẹ́?"

Àwọn kọ́sítọ́mà tó kù gbọ́, wọ́n bá ẹsẹ̀ wọn sọ̀rọ̀. Lónìí, gíláàsì fóònù ni Abdulkabir ń pààrọ̀ lábẹ́ agbòòrùn. Tí Alhaja bá ń kọjá, ó ṣì máa ń kí i. Ìyẹn ló ń dun Abdulkabir jù.

Ẹ̀yin oníṣẹ́ ọwọ́, ẹ gbé nǹkan olóhun fún olóhun! Ẹ̀yin ọlọ́jà, ẹ bèèrè lónìí: orúkọ ta ló wà lórí ẹ̀? Tó o bá ń gbẹ́ kòtò ìkà, má gbẹ́ ẹ jìn, torí ìwọ náà lè jìn sí i.